Ẹni Tí Yóò Pàṣẹ Fún Ẹ̀rọ, Kí Ó Kọ́kọ́ Mọ Ọ̀nà Àbọ̀

Ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ wa àti fún àwọn òbí wọn

 

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lónìí yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí ẹ ti mọ̀ mọ́ wa. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń rí iṣẹ́ ní Trans-Amadi, ní ojú ọ̀nà Aba àti ní ìgboro Port Harcourt. Bí a bá bi wọ́n pé irú iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe, wọn a ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni." Ṣùgbọ́n ohun tí òbí ń rí nílé ni ọmọ tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ dúdú, tí kò sí àwòrán kankan níbẹ̀, tí ó ń tẹ lẹ́tà wẹ́wẹ́ sí i títí di òru. Àwọn òbí kan rò pé eré ni. Àwọn mìíràn kò sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò balẹ̀, wọ́n ń rò ó pé àfàìmọ̀ kí ọmọ àwọn má ti bá àwọn oníjìbìtì tí a ń pè ní Yahoo rìn.

Nítorí náà ni a ṣe rí i pé ó yẹ kí á ṣàlàyé iṣẹ́ yìí, kí òbí lè mọ ohun tí ọmọ ń ṣe, kí ọmọ náà sì lè mọ bí ohun tí ó wà lábẹ́ ìka rẹ̀ ti wúwo tó.

1. Kí ni iṣẹ́ ráútà?

Gbogbo wa ni a mọ bí Ọjà Oil Mill ṣe máa ń rí ní Ọjọ́rú. Ọkọ̀ pọ̀, èrò pọ̀, ẹrù pọ̀. Lára ohun tí kì í jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dàrú pátápátá ni àwọn tí wọ́n dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà tí wọ́n ń ké pé, "Aba! Aba!" tàbí "Eleme! Eleme!" Èrò tí ó ń lọ sí Eleme kò ní láti mọ gbogbo ọ̀nà tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ó kàn tẹ̀lé ẹni tí ó ń pe orúkọ ibi tí òun ń lọ ni.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni íntánẹ́ẹ̀tì rí. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán ránṣẹ́ lórí fóònù, a óò gé e sí ẹrù kéékèèké, ẹrù kọ̀ọ̀kan yóò sì ru àdírẹ́sì ibi tí ó ń lọ. Ráútà ni ẹ̀rọ tí ó dúró sí oríta, tí ó ń ka àdírẹ́sì, tí ó sì ń sọ fún ẹrù kọ̀ọ̀kan pé, "Gba ọ̀nà ibí." Ráútà kan ń gbọ́ ìkéde láti ẹnu ráútà kejì, òun náà sì ń kéde ibi tí a lè gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé. Ilé ìfowópamọ́, ilé ìwòsàn, ilé epo, ilé-ìwé, kò sí èyí tí ẹrù rẹ̀ kò gba oríta bẹ́ẹ̀ kọjá.

2. Báwo ni a ṣe ń bá a sọ̀rọ̀?

Ráútà kò ní ojú bíi ti tẹlifíṣọ̀n, kò sì ní kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì ni a lè gbà wọlé tọ̀ ọ́. Èkíní ni wáyà kan tí a ń pè ní console, tí a óò kì bọ ara ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí yóò lo ilẹ̀kùn yìí ní láti wà níbi tí ẹ̀rọ wà. Èkejì ni láti gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé láti ọ̀nà jíjìn, bí ẹni tí ó jókòó sí Rumuokwurushi tí ó ń bá ráútà tí ó wà ní Yenagoa sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ilẹ̀kùn méjì yìí sọ́kàn, a óò padà sórí wọn.

Èyí tí ó wù kí a gbà nínú méjèèjì, ojú dúdú yẹn ni a óò bá, a óò sì máa kọ àṣẹ sí i ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ Cisco, tí Leonard Bosack àti Sandy Lerner dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1984, ni ó mú irú àṣẹ kíkọ yìí tàn káàkiri jù lọ láàárín àwọn oníṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Huawei ti Ṣáínà, Juniper ti Amẹ́ríkà àti MikroTik ti ilẹ̀ Latvia ní tiwọn pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ wọn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀kan yóò tètè gbọ́ èkejì.

Ẹnì kan lè bèèrè pé, nígbà tí ohun tí a ń fi ìka tẹ̀ lórí àwòrán ti wà, kí ni a tún ń kọ lẹ́tà sí? Ìdí rẹ̀ pọ̀. Lẹ́tà kò wúwo. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń fà tí àwòrán kò lè wọlé, ìlà àṣẹ kan yóò kọjá. Ohun tí a kọ ni a lè dà kọ sínú ìwé, kí a fi han ọ̀gá, kí a sì tún un kọ sí ogójì ẹ̀rọ láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́, a lè ka ohun tí a kọ lánàá, kí a mọ ibi tí àṣìṣe wà.

3. Ọ̀dẹ̀dẹ̀, pálọ̀ àti ìyẹ̀wù

Ẹ jẹ́ kí á fi ráútà Cisco wé ilé. Bí a bá kọ́kọ́ wọlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a wà. Àmì > ni ẹ̀rọ yóò fi hàn wá níwájú orúkọ rẹ̀. Àlejò ni a jẹ́ níbẹ̀. Ìwọ̀nba ni a lè wò.

Bí a bá kọ enable, tí a sì fi páswọ́ọ̀dù tẹ̀lé e, a ti dé pálọ̀. Àmì náà yóò di #. Níbí ni a ti lè wo gbogbo nǹkan. Àṣẹ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú show, wíwò ni, kì í yí ohunkóhun padà. Show ip interface brief yóò to gbogbo ojú ihò wáyà lẹ́sẹẹsẹ fún wa pẹ̀lú àdírẹ́sì wọn, yóò sì sọ èyí tí ó wà láàyè àti èyí tí ó ti kú. Show running-config yóò ka gbogbo ètò tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá sì sọnù lẹ́nu wa, kí a tẹ àmì ìbéèrè, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yóò to àwọn ọ̀rọ̀ tí ó lè tẹ̀lé e sílẹ̀. Olùkọ́ tí kì í bínú ni.

Bí a bá wá kọ configure terminal, a ti wọ ìyẹ̀wù, níbi tí òpó ilé wà. Gbogbo ìlà tí a bá kọ níhìn-ín ń ṣiṣẹ́ ní kété tí a bá ti tẹ bọ́tìnnì Enter. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àṣẹ, ráútà Cisco kì í bèèrè pé, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Shutdown ni a kọ, ojú ihò náà ti kú nìyẹn. Bí a bá fẹ́ jí i, no shutdown ni a óò kọ, nítorí pé no ni a fi ń tú ọ̀pọ̀ àṣẹ ká. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Ohun kan ṣì kù. Ìrántí méjì ni ẹ̀rọ yìí ní. Ọ̀kan ni ètò tí ó ń tẹ̀lé lọ́wọ́, tí ó máa ń pòórá bí iná bá lọ. Èkejì ni ètò tí ó fi pamọ́, tí í máa kà nígbà tí ó bá jí. Copy running-config startup-config ni a fi ń gbé ti àkọ́kọ́ sínú ti èkejì. Ní ìlú tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀ bíi tiwa, ẹni tí kò bá fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ lè jí lọ́la kí ó má bá nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yára fi pamọ́ jù náà ní ìyọnu tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí ó kàn yóò ti fi hàn.

4. Ohun tí ojú wa rí

Ọ̀kan nínú àwa tí a jọ ṣètò ẹ̀kọ́ yìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Ó ń bá ilé iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ nígbà náà, ilé iṣẹ́ náà sì ní ọ́fíìsì ní Yenagoa. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọdún Iléyá pé. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ọ́fíìsì Yenagoa fẹ́ san owó oṣù, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń retí rẹ̀, nítorí pé àwọn mìíràn nínú wọn fẹ́ ra àgbò, àwọn mìíràn fẹ́ wọkọ̀ lọ sílé.

Ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àdírẹ́sì kan tí ó ń ti ìta wá yọ ráútà Yenagoa lẹ́nu. Iṣẹ́ kékeré ni. Ó jókòó sí Port Harcourt, ó gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé, ó kọ ìwé aṣọ́bodè kan, tí a ń pè ní access-list. Ìlà kan ṣoṣo ni ó kọ sínú rẹ̀: má gba lágbájá wọlé. Ó fi ìwé náà lé ojú ihò tí ó kọjú sí ìta lọ́wọ́. Ó ń yára kí ó lè bá jàmáà kírun Àlàásárì, nítorí náà ó fi ètò náà pamọ́ lójú ẹsẹ̀ láì dán an wò.

Ohun tí ó gbàgbé nìyí. Ní ìsàlẹ̀ irú ìwé aṣọ́bodè bẹ́ẹ̀, ìlà kan wà tí a kì í kọ, tí ojú kì í sì í rí: ẹnikẹ́ni tí a kò bá dárúkọ rẹ̀ pé kí ó wọlé, kò gbọdọ̀ wọlé. Ó dárúkọ ẹni tí a óò lé, kò dárúkọ ẹnì kankan tí a óò gbà. Ni ráútà bá lé gbogbo ayé. Ó lé òun tí ó kọ ìwé náà pẹ̀lú. Lẹ́tà kò wọlé mọ́, ojú kọ̀ǹpútà dúró gbagidi.

Ó tẹ àwọn ará Yenagoa láago pé kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, kí wọ́n sì tún un tàn. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní kò tíì fi ètò pamọ́ ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìbá parí sí, nítorí pé ètò àtijọ́ ni ẹ̀rọ ìbá jí kà. Ṣùgbọ́n ó ti fi àṣìṣe náà pamọ́, àṣìṣe náà ni ẹ̀rọ jí bá.

Kò sí ohun tí ó kù ju kí ó lọ. Ó mú wáyà console, ó wọkọ̀, ó gba ọ̀nà East-West. Ilẹ̀ ti ṣú kí ó tó dé. Ó ki wáyà bọ ẹ̀rọ, ó kọ ìlà kan tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú no, gbogbo nǹkan sì padà bọ̀ sípò. Iṣẹ́ náà kò gbà á tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ sílé lọ́wọ́ òfo, ọjọ́ kejì ni wọ́n tó gba owó, àwọn kan sì pàdánù ọkọ̀ tí wọ́n ti dá dúró. Ó ní ohun tí ó dun òun jù kì í ṣe ìbáwí ọ̀gá, bí kò ṣe ojú àwọn tí òun bá lẹ́nu ọ̀nà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí ó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n; ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi gbà kí á kọ ọ́ síbí.

5. Àṣìṣe kò mọ ọmọdé, kò mọ àgbà

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọmọ tí kò tíì mọ iṣẹ́ nìkan ni irú èyí ń bá. MainOne, tí arábìnrin Funke Opeke dá sílẹ̀, ni ó na wáyà abẹ́ òkun láti Portugal dé Accra àti Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010. Ilé iṣẹ́ ńlá ni, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ kì í ṣe òpè. Ní Èkó, ó ń bá Google pàdé ní IXPN, ibi ìpàdé àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà, tí ó ti ní ẹ̀ka ní Port Harcourt níbí náà. Ọ̀nà tí ó gba ibẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ Google wà fún àwọn oníbàárà MainOne. Kò yẹ kí a kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2018, nígbà tí wọ́n ń tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ṣe, àṣìṣe wọ inú asẹ́ tí ó ń sẹ́ ìkéde. Ráútà wọn wá kéde fún China Telecom pé a lè gba ọ̀dọ̀ àwọn dé ọ̀dọ̀ Google. China Telecom gbà á gbọ́, ó sì kéde rẹ̀ síwájú, títí tí ó fi dé Rọ́ṣíà. Ẹ padà wo Ọjà Oil Mill: ó dà bí ìgbà tí ọlọ́kọ̀ kékeré tí kò kọjá Eleme bá ṣèèṣì ń ké "Abuja! Abuja!", tí gbogbo èrò sì rọ́ lọ bá a. Ẹrù tí ń lọ sí ọ̀dọ̀ Google láti àwọn ilẹ̀ jíjìn yà gba Rọ́ṣíà àti Ṣáínà, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì dé ibi tí ó ń lọ. Àwọn kan ti ń rò pé ọ̀tá ni ó ṣe é. Ṣùgbọ́n MainOne jáde, ó ní àṣìṣe àwọn ni, àti pé ìṣẹ́jú 74 ni àwọn fi tún un ṣe. A kò sọ èyí láti tàbùkù wọn. Ẹni tí ó ṣe àṣìṣe tí ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀ yẹ ní bíbọ̀wọ̀ fún.

Ẹ tún rántí ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, tí WhatsApp, Facebook àti Instagram kú pa ní gbogbo ayé fún ohun tí ó lé ní wákàtí mẹ́fà. Àṣẹ kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ fi wo bí agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ti tó ni ó já gbogbo okùn tí ó so àwọn ilé ẹ̀rọ wọn pọ̀. Ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó dá irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ dúró ní àléébù lára, kò dá a dúró. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn kò lè wọlé láti ọ̀nà jíjìn mọ́, nítorí pé orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó kú náà ni ọ̀nà tiwọn gbà. Wọ́n ní láti rán ènìyàn lọ sí ibi tí àwọn ẹ̀rọ wà. Ẹ wò ó, ìrìn-àjò Yenagoa ni àwọn náà lọ.

6. Ìlànà márùn-ún

Nínú gbogbo èyí, a yọ ìlànà márùn-ún jáde tí a fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa kọ sójú ìwé wọn.

Èkíní, wò kí o tó fọwọ́ kàn án. Fi show wo bí nǹkan ti wà, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ kò lè dá a padà.

Èkejì, da ètò tí ó dára kọ, kí o sì tọ́jú rẹ̀ sí ibòmíràn tí kì í ṣe inú ẹ̀rọ náà.

Ẹ̀kẹta, la ọ̀nà àbọ̀ kí o tó lọ. Lórí Cisco, rí i pé ètò tí ó dára ni ó wà ní ìpamọ́, kí o wá kọ reload in 10. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, "Bí o kò bá gbúròó mi láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kú kí o sì jí." Bí àṣìṣe bá ti ọ́ síta, ẹ̀rọ yóò jí sínú ètò àtijọ́ fúnra rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, kọ reload cancel. Juniper ní commit confirmed, MikroTik sì ní Safe Mode, tí ń dá nǹkan padà bí okùn bá já.

Ẹ̀kẹrin, ohun kan ni kí o yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí o dán an wò, kí o sì pe ojú kejì wá bá ọ kà á. Má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀karùn-ún, lẹ́yìn tí ó bá ti dára ni kí o tó fi pamọ́; ṣùgbọ́n má gbàgbé láti fi pamọ́, nítorí iná yóò lọ.

7. Páswọ́ọ̀dù jẹ́ àmánà

Ẹni tí a fún ní páswọ́ọ̀dù ráútà, kọ́kọ́rọ́ ilé onílé ni a fún un. Kò yẹ kí ó máa fi Telnet wọlé, nítorí pé Telnet ń ké páswọ́ọ̀dù síta bí ẹni tí ó ń ka iye owó àpò rẹ̀ sókè nínú ọkọ̀ èrò. SSH ni kí ó lò, tí ó ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Tatu Ylönen ti ilẹ̀ Finland ni ó kọ ọ́ ní 1995, lẹ́yìn tí àwọn kan fetí kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì rẹ̀ tí wọ́n sì kó páswọ́ọ̀dù lọ. Páswọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ bá ti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é bọ̀ ni kí a kọ́kọ́ pààrọ̀. Ọjọ́ tí a bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí a dá kọ́kọ́rọ́ padà fún olóhun.

Ibí ni òbí lè gbà mọ ìyàtọ̀. Bi ọmọ rẹ pé: ẹ̀rọ ta ni èyí? Ta ni ó ní kí o wọ inú rẹ̀? Níbo ni o kọ ohun tí o ṣe sí? Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ gidi yóò lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìwolẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó ń kọ́ṣẹ́ ni, yóò fi ráútà inú Packet Tracer hàn ọ́, ètò ọ̀fẹ́ ti Cisco tí ó ń ṣe bíi ráútà lórí kọ̀ǹpútà lásán, tí a lè bà jẹ́ nígbà ọgọ́rùn-ún láìpa ẹnikẹ́ni lára. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà náà ń kọ́ ara wọn ní iṣẹ́ yìí nínú àpéjọ AfNOG, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Cape Town ní 2000, tí ó sì dé Abuja ní 2007.

Ìbéèrè fún àwọn ọ̀dọ́

1. Ilẹ̀kùn méjì wo ni a lè gbà tọ ráútà lọ, èwo ni kì í ti bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú?
2. Kí ni ìdí tí pípa àti títàn ráútà Yenagoa kò fi wúlò?
3. Ìlà wo ni ó yẹ kí ó wà nínú ìwé aṣọ́bodè náà tí kò sí níbẹ̀?
4. Èwo nínú ìlànà márùn-ún ni ìbá ti gbà wá lọ́wọ́ ìrìn-àjò alẹ́ ọjọ́ yẹn?

Kí ọmọ ka ìdáhùn rẹ̀ sí etí òbí rẹ̀, kí òbí náà sì bi í léèrè ibi tí kò bá yé e. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ yé ará ilé rẹ̀, ọkàn gbogbo ilé á balẹ̀.